Omi Gbígbóná Tí Níyì Yàn fún Wa

Ọkọ mi máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń ta oyin. Iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ilé iṣẹ́ epo kan ló gbà á pé kó máa bá àwọn òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ lé wọn, kí wọ́n lè lọ láìbú ẹnikẹ́ni. Ó mọ̀ ọ́n ṣe. Mo ti rí ẹni tí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀ tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Níyì lọ́sàn-án.

Èmi, AC ni mò ń tún ṣe. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní kíláàsì. Mo wo fídíò, mo tú ti ilé wa, mo bà á jẹ́, mo tún un tò. AC kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ dídùn. Bó bá ń tutù, ó ń tutù. Bí kò bá tutù, oníbàárà á pè ọ́ padà, á sì bú ọ.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, nígbà tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Níyì so kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ tẹlifíṣọ̀n ní pálọ̀ wa ní Cinco Ranch, ní Katy lẹ́bàá Houston, ó ní kí èmi àti ìyá òun wá jókòó. Màámi máa pé ẹni àádọ́rin ọdún kí ọdún tó parí, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n sì ní àwọn fẹ́. Orí tẹlifíṣọ̀n yẹn náà ni wọ́n ti rí i: àwọn ará Japan tí wọ́n jókòó sínú omi gbígbóná láàárín òkè, tí èéfín ń gòkè lórí omi, tí orí wọn nìkan yọ síta. Màámi fò dìde lórí àga. "Ìkògòsì nìyí!" Ẹ̀bá Ìkògòsì, ní Èkìtì, ni wọ́n dàgbà sí, níbi tí omi ti ń jáde láti inú ilẹ̀ ní lílọ́ wọ́ọ́rọ́. Wọ́n ní orúnkún àwọn ò mọ ìrora títí àwọn fi kúrò níbẹ̀. Níyì ní òun máa mú wọn lọ sí Japan. Hakone ló mú, ìlú orí òkè tí kò jìnnà sí Tokyo, tí ilé ìwẹ̀ pọ̀ síbẹ̀ bí ṣọ́ọ̀ṣì wa ṣe pọ̀ sí Houston. Ibi tí a máa dé sí ló kù.

Ó fi ilé kan hàn wá. Igi ni wọ́n fi kọ́ ọ látòkè délẹ̀, ó wà lórí òkè tó kọjú sí odò.

"Ẹ wò ó, Màámi," ló wí. "Ibi tí ara àti ọkàn ti ń bá ara wọn rẹ́ nìyí. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó ń wo ọgbẹ́ sàn."

"Ọgbẹ́ ta ni?" mo bi í.

Ó ṣí àwòrán mìíràn.

Màámi na ọrùn. "Ṣé tọkùnrin tobìnrin ló ń wẹ̀ pọ̀ ni? Èmi ò lè bọ́ síhòòhò níwájú ọkùnrin kankan o. Bàbá rẹ gan-an, inú òkùnkùn ni."

Níyì rẹ́rìn-ín. "Rárá o, Màámi. Ti obìnrin wà lọ́tọ̀. Ẹ̀yin àti ìyàwó yín lẹ jọ máa wọ̀ ọ́. Kò sí aṣọ, kò sí ìbòjú. Bí Ọlọ́run ṣe dá yín. Àwọn ará ibẹ̀ gbà pé téèyàn bá ti bọ́ra sílẹ̀, irọ́ ti tán."

Tẹlifíṣọ̀n ló ń wò nígbà tó ń sọ ọ́. Kò wojú mi.

"Èmi àti ìyàwó mi!" Màámi pàtẹ́wọ́. "Á fọ ẹ̀yìn mi, èmi náà á fọ tirẹ̀. Ìyàwó, ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà," ni mo wí, mo sì dìde lọ sí kíṣìnì kí ojú mi má bàa tú àṣírí mi.

Mi ò ní ọmú òsì. Wọ́n gé e lọ́dún méjì sẹ́yìn. Jẹjẹrẹ ni. Àpá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti àárín àyà, ó lọ dé abíyá. Rọ́bà kan tí wọ́n ṣe bí ọmú ni mò ń kì bọ inú kọ́mú, tí mo bá sì wọṣọ tán, kò sẹ́ni tó lè mọ̀. Àdó-Èkìtì ni Màámi wà nígbà náà, Níyì ló sì ní kí a má sọ fún wọn. Gbémi, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, jẹjẹrẹ ọmú ló pa á. Màámi ló tọ́jú rẹ̀ títí ó fi kú lọ́wọ́ wọn. Níyì ní tí ìyá òun bá tún gbọ́ pé ó ti mú ìyàwó òun, ọkàn wọn ò ní gbà á. Ó bẹ̀ mí. Orí mi pá, mò ń bì lójoojúmọ́, mi ò lágbára àríyànjiyàn. Mo ní ó dáa.

Màámi wá dé láti bá wa gbé. Láti ọjọ́ náà, mi ò bọ́ kọ́mú mọ́ nínú ilé ara mi, nínú ooru Houston yìí, àfi tí mo bá tilẹ̀kùn yàrá.

Ọkọ mi mọ gbogbo èyí. Òun ló sì jókòó sí pálọ̀ tó ń sọ pé kò sí aṣọ, kò sí ìbòjú.

Ó bá mi ní kíṣìnì.

"Yí i padà," ni mo wí.

"Mosún, jọ̀ọ́, rọra. Wọ́n wà ní pálọ̀."

"Yí ilé yẹn padà. Mi ò ní bọ́ṣọ níwájú ìyá ẹ."

"Gbogbo ibòmíràn ti kún."

Mo dúró ti sínkì, mo ṣí fóònù mi níwájú rẹ̀. Kò pẹ́ rárá. Mo rí ilé kékeré kan nísàlẹ̀ òkè náà, tí wọ́n ní bẹ́ẹ̀dì àti àga, tí ilé ìwẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ti ìdílé kọ̀ọ̀kan: ẹ gba àkókò tiyín, ẹ wọlé, ẹ ti ilẹ̀kùn látinú. Àyè wà. Mo gbé fóònù náà sí i níwájú.

"Èyí tí o ní ó kún dà?"

Ó wò ó, ó yínmú. "Èyí ò ní ẹwà."

"Ṣé orúnkún ìyá ẹ ń wá ẹwà ni? Ibi tí ìwọ mú yẹn, orí ilẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun, orí ilẹ̀ ni wọ́n ń sùn. Ta ló máa gbé Màámi dìde láàárọ̀? Ṣé kírénì wà níbẹ̀?"

"Ìrírí ni, Mosún. Ìrírí tó jinlẹ̀."

"Ìrírí kọ́, ìríra ni."

Ó rẹ́rìn-ín bí ó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín sí àwọn tó ń lé lẹ́nu iṣẹ́, ó fọwọ́ kan èjìká mi, ó sì padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Mo gbọ́ tó ń sọ fún wọn pé inú mi dùn débi pé ẹkún ń bọ̀ lójú mi.

Mo dúró síbẹ̀, mo ń rò ó. Níyì kì í ra ìkòkò kan láìka ohun tí gbogbo àwọn tó ti rà á wí. Kì í ṣàṣìṣe nípa ibi tí yóò sùn. Tó bá mú ilé kan tí kò bá ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ mu, tí kò bá ara ìyàwó rẹ̀ mu, tó sì ń parọ́ kí wọ́n má bàa yí i padà, ohun kan wà tó ń wá níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ mi wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, AC daycare kan sì ti kú ní Deer Park, ní apá kejì Houston. Ilé ni Níyì ti ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ó ní òun máa gbé mi lọ, òun á fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ nínú mọ́tò títí màá fi ṣe tán. Bí a ṣe kúrò ní Katy tí a bọ́ sórí freeway ni gbogbo ọkọ̀ dúró. Mo dúpẹ́. Kò síbi tó lè sá lọ.

"Níyì, o mọ̀ pé mi ò ní ọmú kan."

"Má sọ ọ́ báyẹn."

"Báwo ni kí n ṣe sọ ọ́?"

"O lè sọ pé... o lè pè é ní ìrìn àjò tí o rìn."

"Ìrìn àjò wo? Ṣé mo gba físà ni? Wọ́n gé mi lọ́mú. Ìwọ sì mú wa lọ síbi tí ìyá ẹ máa ti rí i. Kí ló dé?"

Ọkọ̀ iwájú sún díẹ̀. Ó sún tẹ̀ lé e. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ìdarí mọ́tò mú bí ẹni tí ọlọ́pàá ń wò.

"Mo ti gbìyànjú láti sọ fún wọn," ló wí níkẹyìn. "Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé. Màá dé ẹnu ọ̀nà yàrá wọn, màá padà. Mo wá rò ó pé, tí a bá dé ibẹ̀, tí ara wọn ti balẹ̀ nínú omi, tí wọ́n kàn rí i fúnra wọn... Wọ́n á rí i pé o wà láàyè. Ara rẹ dán, ò ń rẹ́rìn-ín. Ara rẹ á sọ ọ́ ju bí ẹnu ṣe lè sọ ọ́ lọ. Gbogbo ẹ̀ á kàn yanjú ní ìrọ̀rùn."

"Ìwọ á wà níbo?"

"Báwo?"

"Nígbà tí ìyá ẹ bá rí àpá yìí, tí wọ́n rántí Gbémi, tí wọ́n figbe ta nínú omi. Ìwọ á wà níbo?"

Ó ń wo ọkọ̀ iwájú.

"Ọ̀dọ̀ àwọn ọkùnrin," ni mo bá a sọ ọ́. "Ẹ̀yìn ògiri. Pẹ̀lú táwẹ́lì lórí. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó ń wo ọgbẹ́ sàn."

Láyé àtijọ́, tí ọba bá ní ọ̀rọ̀ tí kò fẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ, á so owó ẹyọ mọ́ ìyẹ́, á dì í, á fi rán ẹrú. Ẹni tó gbà á ló máa mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹrú tó gbé e kì í bèèrè. Àrokò ni wọ́n ń pè é. Ọkọ mi ti di àyà mi ní àrokò. Ó ń wá ilé tó lẹ́wà tí wọ́n ti máa tú u.

Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Mo pariwo débi pé obìnrin tó wà nínú ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́ wa yíjú wò wá.

"Mosún, mi ò rò ó lọ́nà yẹn rárá."

"O rò ó. Ohun tí o mọ̀ ọ́n ṣe jù ni. O ń wá ọ̀nà tí wọn ò ní fi bú ọ."

"Màámi lè kú!"

"Wọ́n sin Gbémi, wọn ò kú. Sọ fún wọn lónìí. Tí o ò bá sọ ọ́, èmi á sọ ọ́."

"Má ba ọjọ́ ìbí wọn jẹ́."

"Ọjọ́ ìbí wọn gan-an lo fẹ́ kí wọ́n rí i nínú omi, Olúwaníyì!"

Tìbínú-tìbínú la dé Deer Park. Òórùn kẹ́míkà láti àwọn ilé iṣẹ́ etí omi ti wọ inú mọ́tò kí a tó sọ̀. Mọ́tò fáànù AC náà ló jóná. Mo tú u bí ẹni ń tú ọkọ rẹ̀. Ìyá tó ni daycare wá dúró tì mí, ó wo ọwọ́ mi, ó bi mí bóyá ara mi le. Mo ní ara mi le, mọ́tò fáànù ni kò le. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ń sunkún ooru nínú ilé. Nígbà tí atẹ́gùn tútù jáde, wọ́n pariwo ayọ̀, inú mi ò sì dùn.

Nígbà tí à ń bọ̀ nílé, Níyì bẹ̀ mí láti Deer Park dé Katy. Ó ní òun máa sọ ọ́ tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó ní òun máa wá gbólóhùn tó yẹ. Mo ní ọdún méjì ló fi ń wá a.

Màámi ń lọ sùtánà funfun wọn ní pálọ̀, wọ́n ń kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì sábẹ́ ahọ́n. Ìyá àdúrà ni wọ́n, láti kékeré ni wọ́n ti wà nínú ìjọ Aládùúrà. Níyì dúró sẹ́nu ọ̀nà. Kò wọlé. Mo wò ó. Mo fún un láyè. Ó lanu, ó ní, "Màámi, ẹ kú iṣẹ́ o," ó sì pa ẹnu dé.

"Màámi," ni mo wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa áyọ́ọ̀nù yẹn, kẹ́ ẹ jókòó."

"Kí ló ṣe Tófúnmi?"

Ọmọ wa nìyẹn, ó wà ní yunifásítì ní Austin. "Kò sóhun tó ṣe Tófúnmi, mà. Ọ̀rọ̀ ara mi ni."

Wọ́n jókòó. Èmi náà jókòó. Mi ò wá gbólóhùn kankan.

"Lọ́dún méjì sẹ́yìn, jẹjẹrẹ mú mi lọ́mú. Wọ́n gé ti òsì kúrò. Mo gba abẹ́rẹ́, irun mi já, ó ti hù padà. Dókítà ní àwọn ò rí i mọ́, ṣùgbọ́n mo ṣì ń lọ fún àyẹ̀wò. A ò sọ fún yín nítorí Àǹtí Gbémi. Ilé tí Níyì mú ní Hakone, ó fẹ́ kí ẹ rí àpá náà níbẹ̀ nígbà tí a bá jọ ń wẹ̀, kí òun má bàa fẹnu sọ ọ́. Èmi ò gbà. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi."

Ojú Màámi dúró sí àyà mi. Mo rò pé wọ́n fẹ́ rí i. Mo na ọwọ́ sí bọ́tìnì ṣẹ́ẹ̀tì mi.

"Má bọ́ṣọ," ni wọ́n wí. "Mo ní etí."

Nígbà tí wọ́n tún sọ̀rọ̀, ohùn wọn ti yí padà, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu wọn rí.

"Láti ọjọ́ tí mo ti dé ilé yìí, mo ń ní kẹ́ ẹ kúnlẹ̀ láàárọ̀. Mo ń sọ pé àrùn tó pa Gbémi ò ní mọ ọ̀nà ibí. Kí lẹ máa ń wí?"

Níyì ń wolẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Mo ní kí lẹ máa ń wí!"

"Àmín, mà," ni mo wí.

"Àmín! Ó ti wọlé, ó ti jẹ, ó ti mu, ó ti gé ọmọlọ́mọ lọ́mú, èmi ń dúró lẹ́nu géètì pé kó má wọlé! Ẹ fi mí ṣe mégádì ilé tí olè ti kó! Ẹ̀ ń wò mí. Mò ń gbààwẹ̀, ẹ̀ ń wò mí!" Wọ́n kọjú sí mi. "Ǹ bá gba àdúrà tó yẹ. Ǹ bá dúpẹ́. Ǹ bá ti wá jókòó tì ẹ́. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹ̀. Ta ló mọ̀ ọ́n jù mí lọ? Ìwọ náà, ẹnu rẹ tó mú bí abẹ yìí, ibo lo gbé e sí?"

"Ẹ bú mi, Màámi. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé ọmọ yín lẹ́nu ọ̀nà."

"Mi ò gbàgbé ẹ̀. Olúwaníyì!"

Ó wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́rùn. "Màámi, nínú ìfẹ́ àti ìgbatẹnirò ni a fi..."

"Ìfẹ́ ta ni?"

"A fẹ́ dáàbò bo ọkàn yín ni, kí ìrora àtijọ́ má bàa..."

"Ta ni 'a'?" mo bi í.

"Dákẹ́," Màámi sọ fún mi, wọn ò gbé ojú kúrò lára rẹ̀. "Nígbà tí Gbémi kú, ta ló pè ọ́?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Ṣé mo ní kí pásítọ̀ pè ọ́? Ṣé mo ya fọ́tò ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ, pé kí ìwọ fúnra rẹ wò ó kó o mọ̀? Òkú ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo gbé fóònù, mo ní, Níyì, ẹ̀gbọ́n rẹ ti kú. Ṣé o rò pé ó rọ̀ mí lọ́rùn? Ẹnu yìí ni mo fi sọ ọ́. Ìwọ wá fẹ́ kí ìyàwó rẹ dúró níhòòhò níwájú mi nílẹ̀ àjèjì, kí n máa kà á bí ìwé?"

Níyì ò gbórí sókè. Mo dúró de oyin. Mo mọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó lè tẹ̀ lé e, mo ti gbọ́ wọn tán.

"Ẹ̀rù bà mí," ló wí.

Kò fi nǹkan kan kún un. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọdún méjì tí mo gbà á gbọ́.

"Ẹ̀rù," Màámi ní. "Ẹni tí wọ́n gbé lọ gé ńkọ́? Ẹ̀rù ò bà á?"

Wọ́n dìde, wọ́n padà sídìí sùtánà, wọ́n lọ apá kan rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Wọn ò tan áyọ́ọ̀nù. Mi ò sọ fún wọn. Omijé ń kán sórí aṣọ funfun náà, wọ́n sì ń fi irin tútù tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Níyì ṣì wà nílẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kó dìde.

Nígbà tó ṣe, wọ́n pè mí. Wọn ò pè mí ní Ìyàwó.

"Mosúnmọ́lá. Ṣé ilé orí òkè yẹn nìkan ló wà nílùú náà?"

"Rárá, mà. Mo rí òmíràn." Mo gbé fóònù fún wọn. "Wọ́n ní bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ní àga."

Wọ́n na fóònù jìnnà sójú bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. "Ilé ìwẹ̀ rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ń tì látinú."

"Ó dáa. Èmi á kọ́kọ́ wẹ̀ tèmi, ìwọ á wẹ̀ tìrẹ. Lọ́jọ́ tó bá wù ọ́ kí n fọ ẹ̀yìn rẹ, pè mí. Tí kò bá wù ọ́, mi ò ní bèèrè." Wọ́n dá fóònù padà fún mi. "Inú ń bí mi sí ẹ o. Má rò pé ó ti tán."

"Inú ń bí èmi náà, mà."

"Ó yẹ kó bí ọ."

Níyì gbé orí sókè díẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì. "Màámi, èmi ńkọ́? Níbo ni èmi máa sùn?"

"Bi ìyàwó rẹ."

Wọ́n gbé sùtánà, wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Níyì ń wò mí. Ó ṣí ẹnu, mo rí i pé ó ń wá ọ̀rọ̀, mo rí i tó jù ú nù kó tó jáde. Ìyẹn dáa. Ṣùgbọ́n kò tó.

Ojú ìwé ilé kékeré náà lórí fóònù ń bi mí pé ènìyàn mélòó ló ń bọ̀. Mo fi sí méjì, mo sì tẹ̀ ẹ́.